Alárinà àti Oníbodè: Bí Fóònù Méjì Ṣe Ń Bá Ara Wọn Sọ̀rọ̀ Tààrà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò tíì fi ọwọ́ kàn án rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá kan jókòó sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ìkẹ́nnẹ́, ó tẹ fóònù, ọmọ rẹ̀ sì dá a lóhùn láti Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò san owó ìpè. Dátà nìkan ni ó ná. Ẹ̀gbọ́n kan ní Ṣágámù fi ohun kan náà pe àbúrò rẹ̀ ní Ìlíṣàn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ohùn ìyá yìí, ọ̀nà wo ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀? Ta ni ó wà láàárín wọn? Mo bèèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé fóònù méjèèjì ni ó wà lẹ́yìn bodè tí a tì, tí oníbodè kọ̀ọ̀kan kì í sì í jẹ́ kí àlejò tí a kò retí wọlé. Bí a bá fi ojú lásán wo òfin àwọn oníbodè wọ̀nyí, a ó ní àwọn méjèèjì kò lè rí ara wọn láéláé.

Ọ̀rọ̀ bodè kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Kí ó tó di ọdún 1892 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun Ìmàgbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, òǹtajà tí ó bá ti òkè wá kò lè gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá dé etí ọ̀sà. Ní ọjà ẹnu ààlà ni yóò ti gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì gbé e dé etí omi. Ọ̀nà Rẹ́mọ tí ó gba Ìkòròdú lọ sí Èkó wà lára àwọn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí Ìbàdàn má baà rí ibi gba ohun ìjà ni ó mú kí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, títí Glover fi kó ọmọ ogun wá láti Èkó ní 1865 láti lé wọn. Ṣágámù fúnra rẹ̀, ìlú mẹ́tàlá ni ó kó ara wọn jọ ní 1872 kí wọn lè jọ dáàbò bo ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí, kò ní í yà á lẹ́nu pé a lè fi ìdí rere ti bodè, kí títì náà sì sọ ẹlòmíràn di alágbàtà láàárín ẹni méjì tí ì bá ti bá ara wọn pàdé fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀rọ kan kò lè bá èkejì sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ó ní nọ́ńbà tí a fi mọ̀ ọ́n. Ní 1981 tí a ṣe òfin nọ́ńbà yìí tí a ṣì ń lò títí di òní, iye tí ó lè wà lápapọ̀ jẹ́ 4,294,967,296. Iye ènìyàn tí ó wà láyé nígbà náà kò jìnnà sí i, kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ohun tí yunifásítì àti iléeṣẹ́ ńláńlá nìkan ń ní. Ta ni ì bá ronú pé alápatà ní Ìpẹrù yóò ní ẹ̀rọ kan nínú àpò, tí ọmọ rẹ̀ yóò tún ní méjì? Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2011, àjọ tí ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo àgbáyé pín èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. AFRINIC, àjọ tí ń pín in fún ilẹ̀ Áfíríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì, gba ìpín ìkẹyìn tirẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù Kìíní 2020 ni ó ti fi òfin sí i pé èyí tí ó pọ̀ jù tí iléeṣẹ́ kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 1,024. Iléeṣẹ́ fóònù tí ó tóbi jù ní Nàìjíríà ní oníbàárà tí ó ju 70 mílíọ̀nù lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n, nítorí pé báyìí ni a ṣe ń gba lẹ́tà nígbà kan. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Àpótí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo àdúgbò ń lò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò gba lẹ́tà, yóò wo orúkọ, yóò sì rán ọmọ kan pé kí ó gbé e fún Ìyá Ìbejì. “Ìyá Ìbejì” yìí jẹ́ orúkọ tí ó tó lò nínú agbo ilé, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ sí ara lẹ́tà ní Lọ́ńdọ̀nù láìfi nǹkan mìíràn kún un, kò ní í dé ibì kankan. Ìyá Ìbejì ń bẹ ní gbogbo agbo ilé Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ní 1994, Egevang àti Francis kọ ìwé lórí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè gbà pín àdírẹ́ẹ̀sì kan lò, èyí tí a ń pè ní NAT. Ní 1996 a ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ agbo ilé: gbogbo èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àti àwọn kan lára èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 172. Ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n nínú ilé rẹ̀; kò sí ẹni tí ó lè fi wọ́n pe ènìyàn láti ìta. Nígbà tí ó di 2012, a tún ya òmíràn sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù gan-an, láti 100.64 dé 100.127, nítorí pé agbo ilé tiwọn ti di odindi ìpínlẹ̀. Ìyá wa ní Ìkẹ́nnẹ́ kò ní àdírẹ́ẹ̀sì ìta tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Òun àti àwọn tí kò mọ̀ rí ni wọ́n jọ ń pín ọ̀kan lò, bóyá awakọ̀ kan ní Òde Rẹ́mọ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Báwo ni oníbodè ṣe wá ń mọ ti ẹni tí èsì jẹ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá ni a máa ń gé sí wẹ́wẹ́, tí a sì ń dì ní ìdì kéékèèké. Lára ìdì kọ̀ọ̀kan ni a kọ àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí ó ti wá àti ti ibi tí ó ń lọ. Nọ́ńbà kejì tún wà lára rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní port. Èmi yóò pè é ní ilẹ̀kùn, nítorí ohun tí ó ń sọ fún wa ni yàrá tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde nínú ilé àti yàrá tí yóò wọ̀, èyí ni pé áàpù wo nínú fóònù ni ó ni ín. Nígbà tí ìdì kan bá jáde láti inú fóònù ìyá yìí, oníbodè iléeṣẹ́ fóònù yóò dá a dúró. Yóò pa àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé rẹ́ kúrò lára rẹ̀, yóò fi àdírẹ́ẹ̀sì ìta rọ́pò, yóò yan ilẹ̀kùn kan fún un, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: fóònù báyìí ni ó ni ilẹ̀kùn 40001, ọ̀dọ̀ lágbájá ni ó sì ránṣẹ́ sí. Bí èsì bá ti ọ̀dọ̀ lágbájá dé sí ilẹ̀kùn 40001, oníbodè yóò wo ìwé rẹ̀, yóò rí àkọsílẹ̀, yóò jẹ́ kí ó wọlé. Bí ìdì mìíràn bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí nínú ìwé dé, kò ní í bi í léèrè ohunkóhun. Ńṣe ni yóò gbé e sọnù.

Àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ní ilẹ̀kùn 65,536. Bí a bá fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní 500, fóònù bí 130 ni ó lè jọ wà lẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì kan. Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn lò bí ẹni ń ṣọ́ omi lò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, a ó sì rí i láìpẹ́ bí èyí ṣe ń dá kún ìṣòro wa.

Ó yẹ kí n ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín kí wọn má baà dàpọ̀. NAT ni akọ̀wé tí ń pa àdírẹ́ẹ̀sì dà. Ìyà àdírẹ́ẹ̀sì ni ó bí i. Firewall ni ẹ̀ṣọ́ tí a fi síbẹ̀ láti dá àjèjì dúró. Ìbẹ̀rù olè ni ó bí òun. Inú ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì sábà máa ń gbé, ìwé kan náà ni wọ́n sì ń wò. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, oníbodè ni mo pè wọ́n pọ̀, àfi níbi tí ìyàtọ̀ wọn bá ṣe pàtàkì.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú ewé ìròyìn ni ìyá yìí fẹ́ kà, kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ ńlá tí ìròyìn wà lórí rẹ̀, tí a ń pè ní sáfà, wà ní gbangba, ó ní àdírẹ́ẹ̀sì ìta tirẹ̀, ìyá sì ni ó kọ́kọ́ jáde lọ bá a. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ní Peckham kò wà ní gbangba. Oníbodè tirẹ̀ wà nínú àpótí kékeré tí ó ń fún ilé wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìyá bá kọ́kọ́ ránṣẹ́, oníbodè Peckham kò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ ránṣẹ́, ti Ìkẹ́nnẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ sí èyí tí ó mọ àdírẹ́ẹ̀sì ìta tirẹ̀ gan-an nínú wọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹnìkejì.

Èdè tiwa ti ní orúkọ fún ẹni tí a nílò níhìn-ín. Láyé àwọn baba wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í dédé lọ kan ilẹ̀kùn bàbá ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ wọ̀. Alárinà ni yóò lọ. Òun ni ìdílé méjèèjì mọ̀, tí ó lè wọ ilé yìí kí ó wọ tọ̀hún. Yóò gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì títí ojú yóò fi mọ ojú. Bí ojú bá sì ti mọ ojú tán, gbogbo wa mọ ohun tí àgbà wí: alárinà a yẹ̀ba.

Sáfà kan tí ó wà ní gbangba ni alárinà tiwa. Kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni fóònù méjèèjì ti ń ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ìdì ìyá bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tí ó rí lára rẹ̀ kì í ṣe orúkọ agbo ilé, bí kò ṣe ohun tí oníbodè kọ sí i. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé 203.0.113.7, ilẹ̀kùn 40001 ni. Ti ọmọ ń kọ́? 198.51.100.9, ilẹ̀kùn 52002. (Àwọn nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti pè wọ́n.) Alárinà yóò sọ fún ìyá pé, “Báyìí ni a ṣe ń rí ọmọ rẹ láti ìta,” yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ méjì ni ó ń pín iṣẹ́ yìí ṣe, kí ọ̀kan máa sọ fún olúkúlùkù bí òun ṣe rí i láti ìta, kí èkejì máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ fún ní orúkọ STUN ní 2003.

Ibi tí ọgbọ́n náà wà gan-an ni a dé yìí. Ìyá ránṣẹ́ tààrà sí 198.51.100.9, ilẹ̀kùn 52002. Ìdì yìí jáde ní bodè Ìkẹ́nnẹ́, oníbodè ibẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé fóònù ìyá ń retí ọ̀rọ̀ láti ibi báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdì dé bodè Peckham. Oníbodè ibẹ̀ wo ìwé rẹ̀, kò rí orúkọ ìyá, ó gbé ìdì náà sọnù. Lójú ẹni tí ó bá wò ó láti òkèèrè, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí a rán ìdì náà kì í ṣe pé kí ó dé. Pé kí ó jáde ni. Ní àkókò kan náà, ọmọ ti ránṣẹ́ sí 203.0.113.7, ilẹ̀kùn 40001, oníbodè tirẹ̀ sì ti kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Nígbà tí ìdì ọmọ dé bodè Ìkẹ́nnẹ́, oníbodè wo ìwé, ó rí i pé ẹni tí fóònù ìyá ń retí ni, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tí ìyá bá tún ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bodè Peckham náà yóò ṣí. Láti ìgbà yìí lọ, ohùn ń ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Peckham, ó ń ti Peckham bọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, alárinà kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Gbogbo èyí parí kí ènìyàn tó sọ pé “ẹ n lẹ́ o”.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bèèrè pé, ǹjẹ́ èyí kì í ṣe ọ̀nà àtijà ilé? Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ni ó fa ìbéèrè náà, nítorí wọ́n ní lílu ihò sí ara ògiri ni. Èmi kò fẹ́ràn orúkọ yẹn. A kò lu ihò kankan. Òfin tí oníbodè ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé àfi ẹni tí ará ilé bá ti kọ́kọ́ jáde lọ bá. Ìyá jáde lọ bá ọmọ rẹ̀. Ọmọ jáde lọ bá ìyá rẹ̀. Oníbodè méjèèjì pa òfin wọn mọ́ láìyẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀nà yìí jalè gbọ́dọ̀ ti ní ẹni tí ó ń ràn án lọ́wọ́ nínú ilé, bí ó bá sì ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi kì í ṣe ti bodè mọ́.

Ìrántí oníbodè kì í pẹ́. Bí ilẹ̀kùn kan bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò pa á rẹ́ nínú ìwé kí ó lè fún ẹlòmíràn. Ìlànà tí a kọ ní 2007 sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbodè kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá bá dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ, tàbí tí ó gbé fóònù sílẹ̀ láti wọn gaàrí fún oníbàárà, fóònù rẹ̀ ṣì ń rán ìdì kékeré kan jáde lóòrèkóòrè, ní ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí, kí oníbodè má baà gbàgbé. Ó ń jẹ bátìrì díẹ̀. Bí a ṣe ń kí ara wa “ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìjókòó” tí kò sí ìròyìn tuntun nínú rẹ̀ ni, àmọ́ tí ẹni tí kò bá kí ni a máa gbàgbé.

Àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá lórí kọ̀ǹpútà ni ìṣòro yìí kọ́kọ́ dé bá. Ọdún 1999 ni Dan Kegel ti kọ̀wé nípa bí àwọn tí ó wà lẹ́yìn NAT ṣe lè jọ ta ayò. Skype, tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ 2003, ni ó wá gbé e dé ọ̀dọ̀ aráyé. Ẹni tí ó bá lo cybercafé nígbà náà yóò rántí: kọ̀ǹpútà ogún nínú yàrá kan, àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan ṣoṣo láti ojú ọ̀run, síbẹ̀ ènìyàn jókòó síbẹ̀ ó ń bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà mìíràn tí ó wà ní gbangba ni Skype fi ń ṣe alárinà, láìjẹ́ pé àwọn tí ó ni wọ́n mọ̀. Ní 2012 Microsoft fi sáfà tirẹ̀ rọ́pò wọn, ní oṣù Karùn-ún 2025 ó sì ti Skype pa. Ní 2005, Ford, Srisuresh àti Kegel yẹ oríṣiríṣi oníbodè wò, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 82 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gba ọgbọ́n yìí láyè tí a bá lo UDP, ìyẹn ọ̀nà tí a kàn ń ju ìdì ránṣẹ́ láìdúró gba ìdáhùn. Nígbà tí ó jẹ́ TCP, tí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ara wọn kí wọn tó sọ̀rọ̀, 64 ni.

Àwọn tí ó ṣẹ́kù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Oníbodè kan wà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí ó fún fóònù rẹ láti bá alárinà sọ̀rọ̀, òun náà ni yóò fún un láti bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Òmíràn wà tí ó ń yan ilẹ̀kùn tuntun fún ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn tí alárinà rí kọ́ ni ilẹ̀kùn tí ọmọ yóò bá. Àdírẹ́ẹ̀sì tí a fún ọmọ ti di irọ́ kí ó tó lò ó. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn oníbodè bá rí báyìí, a ṣì lè rí ọgbọ́n dá sí i. Bí àwọn méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà tààrà mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan tilẹ̀ wà tí kì í jẹ́ kí UDP jáde rárá. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà nìkan ni a ṣí sílẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní láti jáde sí abẹ́ igi kí a tó lè bá ẹlẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ náà kí ohùn wa tó já gaara.

Nígbà tí ó bá rí báyìí, alárinà kò lè yẹ̀ba. Yóò jókòó sí àárín, yóò máa gba ohùn lọ́wọ́ ìyá, yóò máa gbé e fún ọmọ. TURN ni a ń pe èyí, ìwé ìlànà rẹ̀ sì jáde ní 2010. Ní ọdún kan náà ni ìlànà ICE jáde, tí ó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀: kí fóònù kọ́kọ́ dán ọ̀nà inú ilé wò, bóyá ẹni tí a ń pè wà nínú yàrá kejì, kí ó dán ọ̀nà tààrà láti bodè dé bodè wò, bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kí ó gba ọ̀dọ̀ alárinà. Ohun tí ó wà nínú WebRTC nìyí, èyí tí ó ń jẹ́ kí a lè fi ojú ewé lásán ṣe ìpàdé ojúkojú, tí ó di ìlànà àgbáyé ní oṣù Kìíní 2021.

Ǹjẹ́ kí ni ó kàn wá bóyá alárinà yẹ̀ba tàbí kò yẹ̀ba, níwọ̀n ìgbà tí ohùn ṣáà ti dé? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Ṣágámù àti àbúrò rẹ̀ ní Ìlíṣàn, tí mọ́tò kì í pẹ́ kí ó tó gbé ènìyàn láti ìlú kan dé èkejì. Ká ní alárinà tí ó jókòó sí àárín wọn wà ní Yúróòpù. Wáyà MainOne tí ó gba abẹ́ òkun láti Pọ́túgàl dé Èkó láti 2010 gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ tí ń sáré nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń lọ ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ gba ìdá 35 nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú-àáyá kan, àbọ̀ gba 35. Ìdá 70 ti lọ kí a tó ka ìdádúró ní bodè, ní òpó iléeṣẹ́ fóònù, àti nínú fóònù gan-an. ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ní kí ó má ju 150 lọ bí a kò bá fẹ́ kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ máa já lu ara wọn. Ọ̀rọ̀ láàárín Ṣágámù àti Ìlíṣàn ti ná nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sí orí òkun.

Nígbà kan, a kò tilẹ̀ nílò alárinà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì ní Èkó kò ní ibi tí wọ́n ti lè pàdé, nítorí náà ìdì tí ó ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì ń gba ìlú òyìnbó kọjá. Ibùdó pàṣípààrọ̀ IXPN, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, ni ó mú kí irú ìdì bẹ́ẹ̀ lè yí padà sílé. Ṣùgbọ́n ibùdó yìí kò lè ran ohùn lọ́wọ́ bí ó bá jẹ́ pé òkèèrè ni alárinà jókòó sí.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024 kọ́ wa ní èyí tí ó le jù. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní òkun tí ó kọjú sí Côte d'Ivoire. Báńkì dákẹ́, iléeṣẹ́ fóònù ń tọrọ àforíjì. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tiwa. Ọ̀nà láti Ṣágámù dé Èkó, láti Èkó dé Ìlíṣàn, orí ilẹ̀ ni ó wà. Kò sí èyí tí òkun já nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí alárinà bá wà lẹ́yìn òkun, kò sí ẹni tí yóò mú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Ojú ọ̀nà wà, ẹni tí yóò sọ ibi tí ó gbà ni kò sí.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní kí a lé alárinà kúrò láyé. Ọ̀nà tààrà ní àléébù tirẹ̀: ẹni tí o bá sọ̀rọ̀ yóò mọ àdírẹ́ẹ̀sì ìta rẹ, ó sì lè ti ibẹ̀ mọ ìlú tí o wà. Ẹni tí ó ń sá fún ọkọ tí ń lù ú, tàbí akọ̀ròyìn tí a ń dọdẹ, kò ní í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023 ni WhatsApp fi àṣàyàn kan sí i tí ó ń mú kí gbogbo ìpè gba ọ̀dọ̀ sáfà tirẹ̀, kí ẹnìkejì má baà rí àdírẹ́ẹ̀sì ẹni. Ó ní òun kò lè gbọ́ ohùn náà nítorí pé láti fóònù dé fóònù ni a fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ìpè ọlọ́pọ̀ ènìyàn pàápàá, ọ̀dọ̀ sáfà ni ó ń gbà nígbà gbogbo. Ohun tí mo ń wí ni pé ó yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni yóò yàn, kí ó má jẹ́ pé ìyà àdírẹ́ẹ̀sì ni yóò yàn fún un.

Àdírẹ́ẹ̀sì tuntun wà. IPv6, tí a kọ́kọ́ kọ ìlànà rẹ̀ ní 1995, tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá sì jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, ní nọ́ńbà tí ó pọ̀ débi pé a lè fún gbogbo fóònù, gbogbo redíò, àti gbogbo gílóòbù iná ní tirẹ̀. Kò tíì tàn kálẹ̀ tó lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan rò pé bí ó bá dé tán, ọ̀rọ̀ alárinà ti parí. Wọ́n ṣìnà. Akọ̀wé tí ń pa àdírẹ́ẹ̀sì dà yóò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ yóò kù, nítorí olè kò lọ. Ìyá àti ọmọ yóò ṣì ní láti jáde lọ́wọ́ kan náà kí ẹ̀ṣọ́ tó ṣí bodè, ẹnìkan yóò sì ní láti sọ fún wọn pé àkókò tó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò ní í sí ilẹ̀kùn tí ó ń yí padà mọ́, iṣẹ́ yóò sì rọrùn púpọ̀.

Kí ìyẹn tó dé, ohun kan wà tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Ìbéèrè tí fóònù ń bi alárinà pé “báwo ni o ṣe rí mi láti ìta?” lè jẹ́ báìtì 20 péré, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ó ní àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan, ní ibi tí iná kì í ti í ṣe ségesège, lè dáhùn fún gbogbo Rẹ́mọ. Ètò coturn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á kí ó yẹ inú rẹ̀ wò. Dídúró sí àárín láti gbé ohùn ni ó ń náni lówó, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú tí àwọn méjì fi ń sọ̀rọ̀ ni yóò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé tí yóò sì tún jáde. Ìyẹn gba kí a bá àwọn tí ó wà ní ibùdó pàṣípààrọ̀ ní Èkó jíròrò. Ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ yìí léèrè ìdí tí a kò fi tíì ṣe é. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yìí kan òun, kí ó pa Wi-Fi, kí ó ṣí ibi tí fóònù rẹ̀ ti ń sọ nípa ara rẹ̀, kí ó wá àdírẹ́ẹ̀sì tí a kọ síbẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tí ó wà láti 100.64 dé 100.127, lẹ́yìn bodè ni ó wà.